Medicine ni mo fẹ́, jiọ́lọ́jì ni wọ́n fún mi: ṣé kí n gbà á?

Ọmọbìnrin kan ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Medicine ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, àmọ́ máàkì mi ò dé bẹ̀, jiọ́lọ́jì ni yunifásítì wá fún mi. Dádì mi ní àwọn ò lè máa san owó sukúù kí ọmọ àwọn wá lọ máa fọ́ òkúta bí àwọn tó wà ní kúárì. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n yára gbà á torí pé ilé iṣẹ́ epo ń san owó gidi. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, máàsì mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, wọ́n tún ní wọ́n máa ń lọ sùn nínú igbó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n sanwó tí wọ́n fi ń gba àdìmíṣàn. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé kí n gbà á àbí kí n tún JAMB ṣe?"

Àbúrò mi, kú ìdààmú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó dáhùn, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára tí gbogbo ilé bá ti ń pe èèyàn ní dókítà láti kékeré, tó wá di ọjọ́ tí àdìmíṣàn jáde, tí ohun tó wà lójú fóònù jẹ́ kọ́ọ̀sì tí èèyàn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, obìnrin bíi tìẹ lèmi náà, mi ò mú un ní fọ́ọ̀mù, fífún ni wọ́n fún mi. Nítorí náà mi ò ní bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó ọjà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ sí, ẹ̀rù mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó so kọ́ra: o ò mọ ohun tí jiọ́lọ́jì jẹ́, o ò mọ̀ bóyá wàá lè ṣe é, o ò sì mọ̀ bóyá wàá rí jẹ nídìí ẹ̀ tó o bá ṣe é tán. Dádì ẹ àti bọ̀ọ̀dá ẹ ti ń jà lórí ìkẹta nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti lọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dádì. Ọ̀rọ̀ wọn ò burú, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti kọjá létí kúárì rí á ti rí eruku funfun tó bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bàbá wo ló máa fẹ́ rí ọmọ ẹ̀ nínú ẹ̀? Àmọ́ ẹni tó ń fọ́ òkúta yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka òkúta. Ká fi ẹ̀tù fọ́ ọ, ká wà á, ká kó o, iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tó kọ́ mining nìyẹn, kọ́ọ̀sì tiwọn wà lọ́tọ̀. Bí epo ṣe máa gba inú páìpù gòkè wá, ti petroleum engineering ni, òun náà wà lọ́tọ̀. Tiwa ni ká sọ irú òkúta tó wà níbí, bó ṣe débẹ̀, ibi tó gbà lọ lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ò ti rí i mọ́, àti ohun tó fi pamọ́ sínú. Wo Ìbàdàn tó o wà yẹn náà. Òkè Mápó, òkè Mọ́kọ́lá, òkè Àrẹ̀mọ, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń gùn wọ́n, èèyàn mélòó ló ti bi ara ẹ̀ pé kí ló gbé wọn ga tí ilẹ̀ tó yí wọn ká sì rẹlẹ̀? Òkúta tó wà lábẹ́ wọn, quartzite là ń pè é, yanrìn ni nígbà kan rí, ooru abẹ́ ilẹ̀ àti ẹrù tó wúwo lórí ẹ̀ ló sè é mọ́ra tó fi le koko, òjò ò rí i jẹ. Gneiss tó wà nítòsí ẹ̀, èyí tó ní ìlà dúdú ìlà funfun bí aṣọ òfì, òjò àti oòrùn ń jẹ òun díẹ̀díẹ̀, ó ń di amọ̀, àgbàrá ń gbé amọ̀ yẹn lọ sínú odò. Èyí tó le ló dúró sókè. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé yìí fún mi, mo ti ń gbé Ìbàdàn láti ọmọdé, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìlú náà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kíkà là ń kọ́. Òkúta funfun méjì lè wà níwájú ẹ tí ojú lásán ò ní yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ń dán bákan náà, wọ́n wúwo bákan náà. Wàá kán ásíìdì díẹ̀ sí ọ̀kan, kò ní dáhùn rárá, tó o bá fi ha ìgò, á fi àpá sí ìgò lára: quartz nìyẹn. Wàá kán an sí èkejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á máa ru bíi mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí: mábù nìyẹn. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ pé òun fẹ́ wa mábù, tó lọ kó sórí quartz, owó ẹ̀ ti wọlé lọ nìyẹn. Ìkán ásíìdì kan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè àti gbèsè níbẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ́ ló sì máa mọ̀ pé kí òun kán an.

Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá ẹ ló le jù fún mi láti dáhùn torí pé òótọ́ wà nínú ẹ̀, òótọ́ tó ti pẹ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan epo ní Oloibiri ní 1956, àwọn jiọ́lọ́jísìtì ló ń jókòó ti àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé ẹ gbẹ́ ibí, ẹ má gbẹ́ ọ̀hún, ẹni tó bá rí ibẹ̀ wọ̀ lóòótọ́, owó ẹ̀ máa ń dáa. Àwọn tó jáde ṣáájú wa, wọ́n ń wá wọn wá sí yunifásítì ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn kéré, ó sì ń kéré sí i. Láàárín 2014, àgbá epo kan lé ní 100 dọ́là, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2016 kò pé 30 dọ́là mọ́, mo rántí ọdún yẹn dáadáa nítorí pé àwọn àgbà níṣẹ́ wa, àwọn tó ti ṣe ogún ọdún, ń gba lẹ́tà pé kí wọ́n máa lọ sílé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá ńkọ́? Lẹ́yìn ìyẹn, Shell, ExxonMobil àti Eni ti ta èyí tó pọ̀ nínú oko epo wọn tó wà lórí ilẹ̀ àti nínú omi tí kò jìn fún àwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó rà á, mi ò sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n ohun tí bọ̀ọ̀dá ẹ ń rò lọ́kàn, pé èèyàn á kàn gba sátífíkéètì kó sì bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sórí omi, ó ti di ohun tí àwọn díẹ̀ ń rí. Lára àwọn tá a jọ jáde, àwọn tó wọ ilé iṣẹ́ epo ò pọ̀. Tó bá jẹ́ torí epo nìkan lo ṣe fẹ́ gbà á, mo bẹ̀ ẹ́, má gbà á, torí ọdún mẹ́rin á lọ nínú kọ́ọ̀sì tó le, tí epo yẹn ò bá wá dé, ìkórò ló máa kù sí ẹ lọ́kàn.

Ibo wá ni oúnjẹ wà? Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, omi ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Gbogbo ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo mọ́ṣáláṣí, gbogbo sukúù àdáni, gbogbo oko adìẹ, bóòhóòlù ni wọ́n ń gbẹ́, torí omi ẹ̀rọ ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, sí Adó-Èkìtì, sí Àkúrẹ́, orí àpáta ló wà. Omi ò kàn wà níbi gbogbo lábẹ́ àpáta. Inú ibi tí àpáta ti jẹrà di yanrìn àti amọ̀ lókè ló máa ń wà, tàbí inú ibi tó ti sán nísàlẹ̀. O lè gbẹ́ síbí kí omi tú jáde, kó o sún síwájú bí ìwọ̀n ilé kan, kó o gbẹ́ ẹ títí kó jẹ́ eruku ni yóò máa fẹ́ jáde. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, a ó ran iná gba méjì tó wà lẹ́yìn, a ó fi méjì tó wà láàárín wọ̀n ọ́n, a ó sì máa fa àwọn tẹ̀yìn jìnnà síra wọn díẹ̀díẹ̀ kí iná lè wọlẹ̀ jìn sí i. Àpáta tó ṣì le koko tí kò sán, kì í jẹ́ kí iná kọjá, nọ́ńbà ẹ̀ á ga fíofío. Ibi tó tutù, iná á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, nọ́ńbà á wálẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ẹ, torí òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ju ìwé lọ. Lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀, ilé iṣẹ́ kékeré kan gbà mí, wọ́n ní kí n lọ wo ilẹ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta aṣọ, tó ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó bóòhóòlù. Mo wọn ilẹ̀ náà, mo rí nọ́ńbà tó lọ sílẹ̀ gan-an, tó sì nípọn, inú mi dùn, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ pupa ló ń jáde, ẹrẹ̀ tó ń fà bí ọ̀gbọ̀nọ̀, nígbà tí wọ́n parí, omi tó ń sun ò kún garawa márùn-ún láàárọ̀. Amọ̀ ni mo rí tí mo pè ní omi. Amọ̀ ní omi nínú lóòótọ́, iná á gba inú ẹ̀ kọjá lóòótọ́, àmọ́ kì í jẹ́ kó jáde. Wo àmàlà nínú ìkòkò, omi ni wọ́n fi rò ó, ṣé tó o bá gbẹ́ ihò sí i láàárín, omi á sun síbẹ̀? Ìyá yẹn ò bú mi. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wo ẹnu páìpù. Ọ̀gá mi lákòókò yẹn ní àṣìṣe tèmi ni, kí n lọ bẹ̀ wọ́n, ó sì tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó tì mí kí wọ́n tó rán mi jáde. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kì í fi nọ́ńbà nìkan gbẹ́ ilẹ̀ mọ́, mo máa ń rìn yí àdúgbò náà ká kọ́kọ́, mo máa ń wo kànga àwọn ará ibẹ̀, mo máa ń wo òkúta tó yọ sójú gọ́tà, mo máa ń béèrè pé tẹ̀ẹ̀rùn bá dé kànga ta ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa lórí fíìdì ní 200 level nìyẹn, tí mo rò pé mi ò ní nílò ẹ̀ mọ́ tí ẹ̀rọ bá ti wà lọ́wọ́ mi.

Omi nìkan kọ́. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ìkarahun àwọn ẹranko inú òkun ló kún inú ẹ̀, òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wúrà wà ní agbègbè Iléṣà, Segilola, ibi ìwakùsà tó wà níbẹ̀, yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní 2021, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì ń rí iṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ láti máa wo òkúta tí ẹ̀rọ fà jáde láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ mítà kan tẹ̀lé òmíì. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́ afárá tàbí ilé gíga, àwọn kan ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kan wà ní ìjọba ní Nigerian Geological Survey Agency, àwọn kan ń kọ́ni. Owó tó wà níbẹ̀ ò dọ́gba, mi ò ní tàn ẹ́, ẹlòmíì á ṣe ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí owó oṣù ẹ̀ ò ní ju ti tíṣà lọ.

Mo wá fẹ́ bá ẹ sọ nǹkan kan torí pé o ní dókítà lo fẹ́ jẹ́. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń dákú, wọ́n ń kú, àwọn òbí rò pé ibà ni. Àwọn dókítà ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n rí i pé òjé ló kún inú ẹ̀. Ibo ni òjé ti wá? Inú òkúta ni. Òkúta tí wúrà wà nínú ẹ̀ níbẹ̀ ní òjé nínú púpọ̀, ojúde àti àgbàlá làwọn èèyàn sì ti ń fọ́ ọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, eruku ẹ̀ ń bà sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Ó ju 400 ọmọ tó kú. Oògùn nìkan ò lè gba àwọn tó kù là, wọ́n ní láti ha erùpẹ̀ orí ilẹ̀ abúlé yẹn kúrò kí wọ́n kó òmíì tó mọ́ síbẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n bá tọ́jú tó bá padà sórí erùpẹ̀ yẹn, á tún padà kó o. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ìlera àti ilẹ̀ ò jìnnà síra wọn bí ìwé sukúù ṣe pín wọn. Omi tí èèyàn ń mu, ohun tó bá wà nínú òkúta ló máa bá a wọlé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń wo ohun tí ilẹ̀ ń fi sínú ara èèyàn. Mi ò sọ pé ó rọ́pò Medicine o. Tó bá jẹ́ pé kíkan èèyàn lára, kó o gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, kó o fún un lóògùn ló wà lọ́kàn ẹ, jiọ́lọ́jì ò ní fún ẹ nìyẹn láéláé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tó ń pa èèyàn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti mọ̀, ọ̀nà wà.

Ní ti ohun tí wọ́n ń kọ́. 100 level ò yàtọ̀ sí ti àwọn sáyẹ́ǹsì tó kù, físíìsì, kẹ́mísìrì, máàsì, lédè mìíràn ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ èèyàn bí ẹni sẹ́ gàrí. Máàsì ẹ tí kò dáa yẹn, má fojú kéré ẹ̀, kì í ṣe pé jiọ́lọ́jì fúnra ẹ̀ kún fún ìṣirò bíi ti ẹnjiníà, àmọ́ máàsì 100 level ló máa ń fa àwọn èèyàn sẹ́yìn, wọ́n á máa gbé kọ́ọ̀sì kan kiri títí dé ọdún tó kẹ́yìn. Wá ẹni tó máa kọ́ ẹ láti oṣù àkọ́kọ́, má dúró dìgbà ìdánwò. Láti 200 level ni nǹkan ti ń dùn. Wàá kọ́ nípa àwọn ohun tó wà nínú òkúta, wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìkarahun mọ ọjọ́ orí ilẹ̀, wàá wọ lábù. Nínú lábù yẹn, wọ́n máa ń gé òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní ju 0.03 mìlímítà lọ, iná á máa gba inú ẹ̀ kọjá, wàá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Òkúta eérú tí kò jọ nǹkan kan lójú títì, tó o bá fi ojú sí i lábẹ́ ibẹ̀, àwọ̀ á bo gbogbo ẹ̀. Nínú àwọn ohun tó para pọ̀ di òkúta, feldspar kan wà tó máa ń ní ìlà ìbú ìlà òòró bí aṣọ yunifọ́ọ̀mù sukúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, biotite, òmíì nínú wọn, á máa yí àwọ̀ padà láti búráùn sí pípọ́n rẹ́súrẹ́sú bó o bá ṣe ń yí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbàgbé pé wọ́n ti jáde, ẹni tó ń tọ́jú lábù ló wá pa iná mọ́ mi lójú. Ní UI àti ní Ifẹ̀ ọdún mẹ́rin ni, ní FUTA tó jẹ́ ti tẹkinọ́lọ́jì ọdún márùn-ún ni, SIWES sì wà nínú ẹ̀, oṣù mélòó kan tí wàá fi lọ ṣiṣẹ́ níta. Ibi tó o bá ti ṣe SIWES yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọmọ ṣe ń rò lọ, èmi ti rí ọmọ tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ra búrẹ́dì fún wọn fún oṣù mẹ́fà, mo ti rí èyí tó lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ bóòhóòlù, tó padà wá pẹ̀lú ọwọ́ tó le, tó sì ti mọ iṣẹ́.

Wàyí o, igbó. Òótọ́ ni, ẹ máa lọ, ẹ sì máa sùn síta. Kì í ṣe orí ewé o, kíláàsì sukúù abúlé tàbí ilé tí wọ́n gbà fún yín ni, orí bẹ́ẹ̀dì fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa gbé lọ. Ẹ máa jí ní ìdájí, ẹ máa rìn láàárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀, hámà lọ́wọ́, ìwé lápò, kọ́ńpáàsì lọ́rùn. Ibi tí òkúta bá ti yọ sójú ilẹ̀, ẹ máa dúró, ẹ máa fi kọ́ńpáàsì lé ìlà ara ẹ̀ kí ẹ mọ ibi tó kọjú sí àti bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀ tó. Kí o gbé hámà jìnnà sí kọ́ńpáàsì nígbà yẹn, irin ń fa abẹ́rẹ́ ẹ̀, mo ti rí máàpù odidi gúrúùpù kan tó wọ́ nítorí hámà tí ẹnì kan gbé sórí òkúta tí wọ́n ń wọ̀n. Pẹ́ńsù ni kó o fi máa kọ̀wé, kì í ṣe báírò, torí òjò. Kí ẹ tó wọ oko ẹnikẹ́ni, ẹ máa kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, torí tí ará abúlé bá rí àjèjì tó ń kan òkúta, ohun tó kọ́kọ́ máa wá sí wọn lọ́kàn ni pé wọ́n ti wá jí wúrà wa kó. Ní ti obìnrin, wọ́n á sọ fún ẹ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Mo ti rìn ín láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti fi oyún rìn ín, ara ń rẹ̀ mí bó ṣe ń rẹ àwọn ọkùnrin. Ohun tó yẹ kó o mójú tó ni pé kó o má dá rìn, kó o ní bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ nítorí ejò, kó o kó ohun èlò nǹkan oṣù ẹ dání torí abúlé lè má ní, kó o sì sọ̀rọ̀ sókè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ibi tí wọ́n ní kí àwọn obìnrin sùn ò bá ní ìlẹ̀kùn tó ń tì. Owó fíìdì náà wà, lọ́pọ̀ yunifásítì ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa san án, kì í sì í sí nínú owó sukúù tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òbí. Kí dádì mọ̀ nípa ẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àtúnṣe JAMB. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé gbà á, kó o fi ṣe àtẹ̀gùn, lẹ́yìn 100 level kó o kọjá sí Medicine. Mo ti rí i ṣẹlẹ̀, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú ẹ̀ tí kò bọ́ sí i, torí Medicine fúnra ẹ̀ ń lé àwọn ọmọ tiẹ̀ jáde, àyè tó ń ṣí níbẹ̀ kéré, ẹni tó bá sì ti gbé ọkàn kúrò nínú jiọ́lọ́jì lọ́dún àkọ́kọ́, máàkì tó máa rí níbẹ̀ á fi ọdún mẹ́ta tó kù fà á sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Medicine ò kúrò lọ́kàn ẹ rárá, tí máàkì ẹ kò jìnnà púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ń gbà, tí dádì sì lè fara da ọdún kan tó o máa wà nílé, èmi á ní kó o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo mọ àwọn ọmọ tó fi ọdún márùn-ún ṣe JAMB. Tí máàkì ẹ bá jìnnà gan-an sí i, tí ohun tí mo sọ nípa Mápó àti nípa Zamfara sì mú kí nǹkan mì nínú ẹ bó ti wù kó kéré mọ, gbà á. Gbà á láti kọ́ ọ, kì í ṣe láti fi dúró de nǹkan míì. Tó o bá gbà á, láti 200 level ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ọ̀fẹ́ ni, wàá lè fi ya máàpù, tó o bá jáde tán, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, ìgbìmọ̀ tí òfin 1990 gbé kalẹ̀ fún àwa àti àwọn ẹnjiníà máìnsì, torí àwọn tó ń gba ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ́wọ́ wa ń béèrè èdìdì yẹn. Mi ò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹ. Mo tún ní láti jẹ́wọ́ pé ẹni tí iṣẹ́ yìí bọ́ ló ń dá ẹ lóhùn, àwọn tó kọ́ ọ tó wá ń ta ọjà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ báńkì báyìí pọ̀, ìdáhùn tiwọn lè yàtọ̀ sí tèmi, wá ọ̀kan nínú wọn kó o bi í.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì pọ̀ tó. Lọ sí dẹ́pátímẹ́ǹtì yẹn fúnra ẹ, má bá ọ̀gá kankan, bá àwọn ọmọ 300 level tó ń jókòó síta, bi wọ́n pé èló ni wọ́n san fún fíìdì tó kọjá, ibo ni wọ́n sùn, kí wọ́n sì fi ìwé fíìdì wọn hàn ẹ́. Tó bá di Sátidé, bẹ dádì kí ẹ jọ gun òkè Mápó, ẹ wá ibi tí òkúta ti yọ, kó o mú ìgò kan dání. Fi òkúta funfun ibẹ̀ ha ìgò yẹn lójú wọn, kó o ṣàlàyé fún wọn ìdí tí òkè náà fi wà níbẹ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Bí ó bá ṣe rí lára ẹ nígbà tó o bá ń ṣàlàyé ẹ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó o tó lọ sanwó.